Ibi Ìgbaniwọlé Ni Àtúnṣe Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Yunifásítì Ifẹ̀ Wà

Nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ń pè ní HiFL bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2018, ọ̀pọ̀ ló rò pé àwọn yunifásítì àtijọ́ ni yóò máa du ife-ẹ̀yẹ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Makurdi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, ló gbé ife àkọ́kọ́ lọ sílé. Lọ́dún 2019, àwọn náà ló tún gbà á. UAM Tillers ni ẹgbẹ́ wọn ń jẹ́ nígbà náà, orúkọ tí kò tijú iṣẹ́ oko. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún 1962. Ó nílẹ̀, ó ní pápá, ó ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ eré ìdárayá. OAU Giants ni ẹgbẹ́ tirẹ̀ ń jẹ́, òmìrán ni wọ́n pe ara wọn. Èrò ìgbìmọ̀ olóòtú ìwé ìròyìn yìí ni pé ẹgbẹ́ náà kò tíì tó orúkọ rẹ̀, pé ẹ̀bi ibẹ̀ kì í ṣe ti àwọn ọmọ tó ń wọ aṣọ náà, àti pé orí pápá kọ́ ni àtúnṣe wà. Ibi tí wọ́n ti ń gba ọmọ wọlé sí yunifásítì ló wà.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń kó ẹgbẹ́ jọ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba nílẹ̀ yìí. JAMB á ṣe ìdánwò, yunifásítì á ṣe tirẹ̀, wọ́n á gbé orúkọ àwọn tó yege jáde. Kò sẹ́ni tí yóò béèrè bóyá ọmọ kan mọ bọ́ọ̀lù gbá. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọlé tán, tí ìdíje sì kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n á lẹ ìwé mọ́ pátákó pé kí ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù rí wá sí pápá lọ́jọ́ báyìí. Ọ̀pọ̀ á yọjú. Akọ́nimọ̀ọ́gbá á pín wọn sí ọ̀wọ́ méjì, á wò wọ́n fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, á sì tọ́ka sí àwọn tó wù ú. Kò pẹ́ púpọ̀ sí i, wọ́n ti wà nínú ọkọ̀, ó di ibi ìdíje. Bí aṣọ́lé bá dáa lọ́dún yẹn, orí ló ṣe é. Bí kò bá sí ẹlẹ́sẹ̀ òsì kankan nínú àwọn tó yege JAMB, ẹgbẹ́ á máa gbá bọ́ọ̀lù láìní ẹlẹ́sẹ̀ òsì títí ọdún á fi yí po. Àwọn tó ṣèèṣì bá ara wọn pàdé nínú ọgbà kan náà ni irú ètò yìí ń pè ní ẹgbẹ́.

Àwọn ọmọ náà ò sì kẹ̀rẹ̀ ní gbígbìyànjú. Bí ìrọ̀lẹ́ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì ṣe sábà máa ń rí nìyí: akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ń sáré lápá ọ̀tún ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yàrá ìwádìí dé ni, àpò ìwé rẹ̀ wà lẹ́yìn òpó gólì, aago márùn-ún ti kọjá, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́rin làwọn yòókù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó yẹ kó dúró ní àárín ẹ̀yìn kò sí níbẹ̀ rárá, ó ti lọ ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ girama kan. Òmíràn ń fi okùn di bàtà tó ti yanu, kó má baà jábọ́ nígbà tó bá gba bọ́ọ̀lù. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kálukú á wá oúnjẹ lọ. Ẹni tó lówó á ra ìrẹsì àti ẹ̀wà, ẹni tí kò ní á rẹ gààrí mu, wọ́n á sì fẹ́ kí àwọn méjèèjì sáré fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú lọ́jọ́ kejì. Tí ọmọ bá wá di ọmọ ọdún ìkẹyìn, iṣẹ́ àṣejáde á gbà á mọ́ ẹgbẹ́ lọ́wọ́, gbogbo ohun tó ti kọ́ á bá a jáde nínú ọgbà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látorí pátákó ìkéde.

Ìyanṣẹ́lódì ló wá ń pa irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ pátápátá. Lọ́dún 2013, láti oṣù keje títí dé oṣù kejìlá ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi wà nílé. Ní 2020, láti oṣù kẹta dé oṣù kejìlá. Ní 2022, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, ó parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá: oṣù mẹ́jọ gbáko. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wo ló lè fi ẹgbẹ́ tí ó fọ́nká sí Kàdúná, Warri àti Èkó fún oṣù mẹ́jọ kọ́ ohunkóhun? A kò dá àwọn olùkọ́ lẹ́bi níbí, ohun tí wọ́n ń bá ìjọba jà fún kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. A kàn ń sọ pé ẹgbẹ́ tí wọ́n bá ń kó jọ lọ́nà tí a wí yìí kò lè la irú àlàfo bẹ́ẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ mìíràn wà tó lè là á kọjá, a ó sì padà sórí ìyẹn.

Ẹ wá bọ́ sí ìta ọgbà yunifásítì. Ní Lágéré, ní Sábó, ní Ìrémọ, ní Ìlódè, ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ọmọ kì í gbá sẹ́ẹ̀tì lórí ilẹ̀ tí wọ́n bá ti rí. Òkúta méjì ni òpó gólì, ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ jẹ gólì lé lórí á bọ́ sẹ́yìn, ẹgbẹ́ tó kàn á wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún wà níbẹ̀ tí bọ́ọ̀lù kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí kò bá fẹ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni yunifásítì tí kò jìnnà sí ibi tó dúró. Ẹni tó máa ń kọ́kọ́ wá a wá ni ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní ajẹ́ǹtì, tí yóò sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun á mú un lọ sí Yúróòpù, tí yóò sì gba owó ìwé ìrìnnà. Ìyá á ta ohun tó lè tà. Mélòó nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ti há sí ìlú onílùú, tí ajẹ́ǹtì kò gbé fóònù mọ́? Mélòó ló padà wálé tí kò lè tún jókòó ṣe WAEC mọ́ nítorí ojú ń tì í láti bá àwọn àbúrò rẹ̀ jókòó? Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì ti kọjá ti ife-ẹ̀yẹ. Ilẹ̀kùn tó tọ́ ni a ti sé mọ́ ọmọ náà, ni ó fi bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ṣí ti ẹ̀tàn fún un.

Àwọn kan á sọ pé ìwé àti bọ́ọ̀lù kì í gbé pọ̀. Kí wọ́n rántí ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní gólì mẹ́ta sí òdo, tí a gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ló jẹ méjì nínú rẹ̀, Múdà Lawal jẹ ẹ̀kẹta. Ilé ẹ̀kọ́ gbogbońṣe ìlú Ìbàdàn ni Ọdẹ́gbàmí ti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, òun náà ni ẹgbẹ́ Shooting Stars Ìbàdàn gbójú lé lápá ọ̀tún. Adokiye Amiesimaka, tó wà nínú ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè nígbà náà, kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Èkó, ó sì di kọmíṣọ́nnà fún ètò ìdájọ́ ní ìpínlẹ̀ Rivers lẹ́yìn tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Nígbà yẹn, kì í ṣe ohun ìyanu kí agbábọ́ọ̀lù ńlá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ wà nínú àwọn yunifásítì márùn-ún tó da NUGA, ẹgbẹ́ eré ìdárayá àwọn yunifásítì, sílẹ̀, tí wọ́n sì ṣe ìdíje àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn lọ́dún 1966. Ní 2014, Ifẹ̀ ló gba àwọn yunifásítì orílẹ̀-èdè yìí lálejò fún ìdíje náà. Ẹni tó bá gba àlejò tó bẹ́ẹ̀ kò lè sọ pé òun ò mọ ohun tí eré ìdárayá jẹ́.

Kí àwọn tó ń ṣe àkóso wo bí àwọn ará ibòmíràn ṣe ń ṣe é. Àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà kì í dúró de ẹni tí orí bá gbé wá bá wọn. Wọ́n ń rán ènìyàn jáde, wọ́n ń wo ọmọ láti ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n ń bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n ń san owó ilé ẹ̀kọ́ fún un. Èkó ni Hakeem Ọlájùwọ́n ti lọ sí Yunifásítì Houston lọ́dún 1980 láti gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde ni Tóbi Àmùsán ti lọ sí Yunifásítì Texas tó wà ní El Paso, kó tó di pé ní oṣù keje ọdún 2022 ó fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sáré ọgọ́rùn-ún mítà tí wọ́n ti ń fo igi kọjá, tí ẹsẹ̀ obìnrin kankan láyé kò yá tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó wà lókèèrè rí i látọ̀hún. Yunifásítì mélòó nílẹ̀ Yorùbá ló ti rí i ṣáájú wọn, tó fún un ní yàrá, oúnjẹ àti ẹni tí yóò kọ́ ọ?

Ọ̀kan wà nínú ìtàn àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà tó bá ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ mu gan-an. Ẹgbẹ́ Yunifásítì Indiana, nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, jẹ́ ẹgbẹ́ tí gbogbo ènìyàn ti fojú tẹ́ńbẹ́lú. Lọ́dún 2023, ìdíje méjìlá ni wọ́n gbá, mẹ́ta péré ni wọ́n borí. Wọ́n gba akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, Curt Cignetti, tó ti yunifásítì James Madison wá. Kò wá lóun nìkan. Ó kó àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ti mọ ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀ wá, ó kó àwọn igbákejì rẹ̀ náà wá, ó sì jókòó mú orúkọ àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2024, nínú ìdíje mẹ́tàlá, wọ́n borí mọ́kànlá. A mọ̀ pé owó tí Indiana ní, Ifẹ̀ ò ní in, a ò sì sọ pé kí Ifẹ̀ máa wá irú owó bẹ́ẹ̀. Ohun tó kàn wá nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ láṣẹ láti yan àwọn tí yóò bá a ṣe é, ó sì mọ̀ wọ́n kí ó tó yàn wọ́n.

Ní Gúúsù Áfíríkà, ẹgbẹ́ Bidvest Wits, tí ó jáde láti inú Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg, gba líìgì àgbà orílẹ̀-èdè náà ní sáà 2016 sí 2017. Ẹgbẹ́ yunifásítì gba líìgì orílẹ̀-èdè! Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní 2020, wọ́n ta àyè ẹgbẹ́ náà nínú líìgì fún ẹlòmíràn, ó sì parí síbẹ̀. A mú èyí wá nítorí àwọn tó máa ń sọ pé kí yunifásítì kàn gbé ẹgbẹ́ fún oníṣòwò, kí ó sinmi. Owó oníṣòwò dára, a ó béèrè fún un nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yunifásítì.

Nítòsí wa níbí, ẹgbẹ́ Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, ìlú tí wọ́n bí ẹni tí yunifásítì yìí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, gba líìgì Nàìjíríà lọ́dún 2025. Kì í ṣe rírà àwọn gbajúmọ̀ nìkan ni wọ́n gbójú lé. Wọ́n tọ́ àwọn ọmọ kéékèèké dàgbà nínú ilé ìkọ́ṣẹ́ bọ́ọ̀lù tiwọn, wọ́n sì ní sùúrù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí Ìkẹ́nnẹ́ bá lè ṣe é, Ilé-Ifẹ̀ kò ní àwáwí.

Ta ló wá ni ẹ̀bi? Àwọn alákòóso yunifásítì la kọ́kọ́ fẹ́ dojú kọ, nítorí ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ ìgbaniwọlé wà. Yunifásítì tó bá ka eré ìdárayá sí ohun ìgbafẹ́ lẹ́yìn kíláàsì kò lè ní ẹgbẹ́ gidi láéláé. A fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún eré ìdárayá lọ́dọọdún, a fẹ́ mọ ẹni tí ó ń ná an, a sì fẹ́ mọ iye tí ó dé orí pápá nínú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ pín nínú ẹ̀bi, nítorí ìyanṣẹ́lódì tí wọ́n ti jẹ́ kó di àṣà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà pín níbẹ̀, nítorí pápá ilé ẹ̀kọ́ girama tí ọ̀pọ̀ wọn ti di ibi tí igbó hù sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde Great Ifẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe yunifásítì náà, tí wọ́n pọ̀ káàkiri ayé tí wọ́n sì fẹ́ràn orúkọ yẹn púpọ̀, máa ń ránṣẹ́ owó sí ìpàdé ọdọọdún àti ilé tuntun. Ó ṣọ̀wọ́n kí a gbọ́ pé wọ́n san owó ilé ẹ̀kọ́ fún aṣọ́lé kan. A kò sọ èyí láti tàbùkù wọn. A sọ ọ́ nítorí pé a mọ̀ pé bí a bá sọ fún wọn, wọ́n á ṣe é.

Àbá tí a mú wá rèé. Kí Sẹ́nétì yunifásítì ya àyè sọ́tọ̀ nínú ìgbaniwọlé ọdọọdún fún àwọn ọmọ tó mọ eré ìdárayá dunjú. Ogún àyè fún bọ́ọ̀lù, mẹ́wàá fún ọkùnrin, mẹ́wàá fún obìnrin, kò pọ̀ jù nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí Ifẹ̀ ń gbà. Ètò ìgbaniwọlé yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fi ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ fún àwọn tí máàkì wọn ga jù, ìdá 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì ká, ìdá 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì rinlẹ̀. Inú ìdá 35 yẹn ni àyè náà ti lè jáde láìrú òfin kankan, nítorí àwọn ọmọ àyíká wa ni a ń sọ.

A mọ ohun tí àwọn olùkọ́ àgbà yóò sọ: pé ilẹ̀kùn yìí ni ọmọ olówó tí kò mọ̀wé yóò gbà wọlé, tí wọ́n á fi orúkọ bọ́ọ̀lù bo àṣírí rẹ̀. Ẹ̀rù wọn tọ́, ó sì ba àwa náà. Nítorí náà, kí ọmọ tí wọ́n bá gbà lọ́nà yìí ní kírẹ́díìtì márùn-ún pé, pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, kí máàkì JAMB rẹ̀ má sì kéré sí èyí tí yunifásítì ní kí gbogbo ọmọ ní. Ohun tí bọ́ọ̀lù yóò ṣe fún un ni pé láàárín òun àti ẹni tí wọ́n jọ yege, òun ni wọn yóò mú. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá tó, tó sì jẹ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, kí wọ́n fi sínú ètò ìgbáradì tí yunifásítì ń ṣe ní Mórò, kó fi ọdún kan tún ìwé rẹ̀ ṣe. Kí wọ́n máa lẹ orúkọ àwọn tí wọ́n gbà síta, pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ tí oníkálukú ti wá, kí gbogbo ènìyàn lè wá wò wọ́n lórí pápá. Irọ́ kò lè gbá bọ́ọ̀lù fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú lójú èrò. Bí ọmọ bá fìdí rẹmi nínú ìwé ní sáà méjì léraléra, kí ó yẹra fún ẹgbẹ́ títí yóò fi tún un ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má sì tún yá ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wọ aṣọ yunifásítì, àní bí ìdíje bá le tó báwo. Olè ni ìyẹn.

Níbo ni wọn yóò ti rí àwọn ọmọ náà? Nínú Ifẹ̀ àti agbègbè rẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí a fi tẹnu mọ́ èyí kì í ṣe ti ìfẹ́ ìlú nìkan. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì bá dé, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Kàdúná wá á di ẹrù rẹ̀, yóò lọ. Ọmọ Ìlàrè tàbí Òkèrèwè nínú Ifẹ̀ yóò sùn nílé baba rẹ̀, yóò sì wà ní pápá lọ́jọ́ kejì. Ẹgbẹ́ tí ìdajì rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ àyíká kò lè fọ́nká tán, ìyanṣẹ́lódì oṣù mẹ́jọ kò lè tú u. Kò sí àtúnṣe tó tún dín owó kù tó èyí, nítorí kò gba ilé gbígbé, kò gba owó ọkọ̀, ìyá ọmọ ló ń bọ́ ọ.

Kí wọ́n tó lè mọ àwọn ọmọ wọ̀nyí, ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa lọ wò wọ́n, kí iṣẹ́ náà sì jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, tí ó ń gba owó oṣù lé e lórí. Kí ó ní ìwé tí ó ń kọ orúkọ sí láti ìgbà tí ọmọ bá ti wà ní kíláàsì kẹrin girama. Kí ó mọ ọmọ tí ìṣirò ń yọ lẹ́nu, kí ó wá akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí yóò máa kọ́ ọ ní ọjọ́ Sátidé. Kí ó mọ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú, kí ọ̀rọ̀ ajẹ́ǹtì tó dé etí ìyá. Oduduwa College wà níbẹ̀ láti ọdún 1932, St. John's, Moremi High School àti Modakeke High School wà níbẹ̀, àwọn ilé ẹ̀kọ́ Ìpetumodù àti Edùnàbọ̀n kò jìnnà. A bẹ Ààfin Ilé Oòduà pé kí wọ́n gbé ife kan kalẹ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama agbègbè Ifẹ̀ àti Mọ̀dákẹ́kẹ́, kí àṣekágbá rẹ̀ máa wáyé nínú ọgbà yunifásítì, kí ọmọ tó bá gbá a lè rí ibi tí ó ń lọ. Àwọn tó rántí ohun tí ojú Ifẹ̀ àti Mọ̀dákẹ́kẹ́ rí láàárín 1997 sí 2000 yóò mọ ìdí tí a fi fẹ́ kí àwọn ọmọ ìlú méjèèjì máa gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan náà.

Kí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní àdéhùn ọdún mẹ́rin, kí wọ́n má lé e nítorí pé ó pàdánù ìdíje méjì. Kí yunifásítì lo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn tí yóò máa tọ́jú iṣan àti eegun tó bá yẹ̀, ó sì ní ilé ìwòsàn ńlá tó so mọ́ ọn. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka yẹn máa ṣe ìdánrawò wọn lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, lábẹ́ ojú olùkọ́ wọn. Orúnkún tí wọ́n bá tètè tọ́jú kì í sọ ọmọ di arọ. Kí àwọn olùkọ́ gbà pé kí ọmọ ẹgbẹ́ máa ṣe iṣẹ́ yàrá ìwádìí tirẹ̀ ní òwúrọ̀, kí aago mẹ́rin lè bá a lórí pápá. Ìyẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ẹgbẹ́ tí kì í gbá ìdíje kò lè mọ̀ ọ́n gbá. Ìdíje tó bá ń dé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò tó. Nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nìkan, Oduduwa University wà ní Ìpetumodù, Redeemer's, Adeleke àti ilé ẹ̀kọ́ gbogbońṣe ìjọba àpapọ̀ wà ní Ẹdẹ, UNIOSUN wà ní Òṣogbo, yunifásítì Iléṣà ti dìde. Bọ́ọ̀sì kan lè lọ kó padà lọ́jọ́ kan náà. Kí wọ́n dá líìgì tiwọn sílẹ̀, kí wọ́n máa gbá a ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, tọkùnrin tobìnrin. A tún ọ̀rọ̀ obìnrin sọ nítorí pé ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ẹgbẹ́ obìnrin tó lórúkọ, Osun Babes, àwọn ọmọbìnrin tó bá sì jáde láti yunifásítì lè bọ́ síbẹ̀ tààrà.

Ní ti owó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ni a ń wò. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wọn, ti London, ti Houston, ti Àbújá, gba ọmọ kan tàbí méjì, kí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n san oúnjẹ àti bàtà rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ètò ẹ̀yáwó NELFUND, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024, lè bá ọmọ aláìní san owó ilé ẹ̀kọ́, ó sì ń fún un ní 20,000 náírà lóṣù. Kí ẹni tó ń wá àwọn ọmọ kiri bá wọn kọ ìwé rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ kọ orúkọ wọn sára aṣọ, kí wọ́n wá, kí gbogbo owó náà sì wọ inú àpò kan tí wọ́n ń yẹ̀ wò lọ́dọọdún níwájú aṣojú akẹ́kọ̀ọ́, aṣojú akẹ́kọ̀ọ́jáde àti aṣojú ìlú.

Èyí tó yá jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Sẹ́nétì. Kí ọ̀rọ̀ ogún àyè náà ti di ìpinnu kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìgbaniwọlé tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá gbà á, ìwé ìròyìn yìí yóò béèrè fún orúkọ àwọn ọmọ àkọ́kọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ wọn, a ó sì tẹ̀ wọ́n jáde. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, a ó béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, a ó sì tẹ ìyẹn náà jáde.